Ta Ní Ń Rán Wa Lọ Sí Ọjà?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọ̀rọ̀ owó tí ó ń ti ọwọ́ wa jáde lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún mẹ́rin ni a ń tẹ ìka láti dìbò. Ojoojúmọ́ ni a ń náwó, gbogbo náírà tí a bá sì ná, ìbò ni a fi dì fún ẹni tí a ná an fún.

Ẹni tí ó bá dé ọjà Ojúwòyè ní Mushin, tàbí ọjà Daleko níbi tí a gbé ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, kí ó wo ohun tí ìyá ọlọ́jà fi ń wọn ọjà fún un. Agolo ni. Kí ni orúkọ agolo náà? Dẹ́rìkà ni. Níbo ni orúkọ yìí ti wá? Orúkọ tòmátò inú agolo tí a kó wá láti òkè òkun ni. A jẹ tòmátò inú rẹ̀ tán, a fọ agolo, a sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹ̀wà tí àgbẹ̀ wa fi ọkọ́ àti àdá gbìn. Kí dẹ́rìkà tó dé, agolo sìgá ni àwọn ìyá wa fi ń wọn iyọ̀ àti gàrí. Agolo wàrà náà sì ń bẹ lórí àtẹ. Ohun tí a kọ́kọ́ rà nítorí pé ó wu ojú ni ó padà wá di adájọ́ lórí oúnjẹ wa.

Èyí ni ó mú kí a béèrè lónìí pé: ta ní ń rán wa lọ sí ọjà? Ṣé ikùn wa ni, àbí ojú wa? Ṣé ìyá ilé tí ó mọ ohun tí ó kù nínú ìkòkò ni, àbí ẹni tí ó gbé pátákó ìpolówó ńlá kọ́ sí Ojúẹlẹ́gba?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ wí pé ní ọdún 2019, nínú ₦100 tí àwọn ìdílé Nàìjíríà ná, ₦56.65 ni ó bá oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọdún 2023 dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí i ₦200 sì gùn dé nǹkan bí i ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ni a tú náírà sílẹ̀ ní ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè, ó sì já lulẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ kan náà wí pé oúnjẹ ti gbówó lórí ní ìdá 39.84 nínú 100 ju bí ó ti rí ní ọdún kan ṣáájú lọ. Òfin ọdún 2024 ni ó sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Òṣìṣẹ́ wo ni kò mọ ibi tí owó yìí ń parí sí kí oṣù tó dé ìdajì? Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lè ṣi ọjà rà, kí ó sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ń gba ₦70,000 kò lè ṣì í rà lẹ́ẹ̀kan kí ọmọ rẹ̀ má sùn pẹ̀lú ebi.

Àtẹ̀gùn márùn-ún

Àwọn tí ń tajà fún wa kò sùn o. Ní ọdún 1910, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Dewey, ṣe ìwé kan lórí bí ènìyàn ti ń ronú. Ó ní ìṣòro ni a kọ́kọ́ ń mọ̀ lára. Lẹ́yìn náà ni a ó mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an, a ó wá ọ̀nà àbáyọ, a ó yẹ ọ̀nà náà wò, kí a tó gbà á tàbí kí a kọ̀ ọ́. Olùkọ́ ni Dewey, kì í ṣe oníṣòwò. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣòwò gba ọgbọ́n yìí, wọ́n sì fi kọ́ àtẹ̀gùn fún ẹni tí ń rajà: yóò mọ àìní rẹ̀, yóò wádìí, yóò fi ọjà wé ọjà, yóò pinnu, lẹ́yìn rírà ni yóò sì mọ̀ bóyá òun jèrè tàbí òun pàdánù. Ẹ jẹ́ kí a gun àtẹ̀gùn yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wo ẹni tí ó ti jókòó dè wá níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn kìn-ín-ní ni mímọ àìní. Ebi ń pa ọmọ: àìní ni. Òjò ń jò sí ilé: àìní ni. Àwọn wọ̀nyí kò nílò ìpolówó. Ṣùgbọ́n àìní mìíràn wà tí a kò bí mọ́ wa, tí a gbé wá bá wa nínú ilé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọmú ìyá. Ta ni ó kọ́ àwọn abiyamọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ aláìní láti máa ṣiyèméjì bóyá omi ọmú wọn tó fún ọmọ? Ìpolówó wàrà ìkókó ni. A gbé àwòrán ọmọ tí ó sanra kọ́ sí wọn lójú, títí tí àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà fi parapọ̀ ní ọdún 1977 láti kọ ọjà ilé iṣẹ́ Nestlé sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà tí ó dá irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ lẹ́kun. Ní ọdún 1990 sì ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀, Òfin 41 ti ọdún náà. Ẹ kíyè sí i dáadáa. A kò wí pé àwọn ìyá wọ̀nyí gọ̀. Ìfẹ́ tí ìyá ní sí ọmọ ni a gbà wọlé sí àpò rẹ̀. Bí a bá lè fi ìpolówó sọ ọmú ìyá di ohun tí kò tó, kí ni a kò lè sọ di ohun tí kò tó?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí lónìí. Ọmọ ilé ìwé ní Yaba yóò wí fún ìyá rẹ̀ pé ògì àti àkàrà kì í ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì san owó ilé yóò yá owó ra ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nítorí pé tirẹ̀ ti di ti èṣí. Ìyàwó ilé ní Mushin yóò ra aṣọ ẹbí mẹ́ta láàárín oṣù kan, nítorí pé aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwọn àgbà wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n ní ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ lọ́lá ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó ní ogún ẹrú mọ̀ pé aṣọ kì í ṣe àìní òun. Àwa tí a kò ní ẹyọ kan, ta ni ó sọ fún wa pé ogún aṣọ ni àìní wa?

Àtẹ̀gùn kejì ni ìwádìí, ìkẹta sì ni fífi ọjà wé ọjà. Níhìn-ín ni a ó ti yin àwọn kan tí àwọn olówó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lọ sí Yaba ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹ wo ọmọbìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òkìtì òkìríkà. Yóò fa aṣọ náà, yóò wo ojú rírán rẹ̀, yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti wo ihò, yóò ná an, yóò kúrò níbẹ̀, yóò dé ìsọ̀ mẹ́ta mìíràn kí ó tó padà. Olùwádìí gidi ni! Ó mọ ohun tí ó ń wá, ó sì mọ iye tí ó tó. Ìjọba àpapọ̀ ti fi aṣọ àlòkù sínú àwọn ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọ ilẹ̀ yìí, síbẹ̀ ó kún ọjà, nítorí pé ẹni tí ń rà á ti fi ọwọ́ kàn án, ó sì ti rí i pé yóò pẹ́ lára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ní ìtòsí Mushin, ní Ìsọlọ̀, ọjà ńlá kan ń bẹ tí a ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Aswani ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó ni orúkọ náà kí ó tó di ti ọjà. Ilé iṣẹ́ kú, orúkọ rẹ̀ kù, a sì ń ta aṣọ ilẹ̀ òkèèrè níbẹ̀. Kí a má bá ọmọbìnrin tí ó ra òkìríkà jà. Kí a bi àwọn tí ó jẹ́ kí iná ilé iṣẹ́ kú.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí à ń ṣe nídìí aṣọ, a kì í ṣe é nídìí oúnjẹ. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí ni pé a kò lè fi ohun tí a kò wọ̀n wé ara wọn. Dẹ́rìkà ti ìsọ̀ yìí kì í ṣe dẹ́rìkà ti ìsọ̀ kejì; òmíràn ti rì wọnú nísàlẹ̀, òmíràn sì ti fún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òfin ìwọ̀n ti wà ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1974, ṣùgbọ́n agolo ni ń jọba. Bákan náà ni ti ọjà inú ọ̀rá kékeré: ọ̀rá kò yí padà, owó rẹ̀ kò yí padà, ohun inú rẹ̀ ni ń dín kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àtẹ̀gùn kẹrin ni ìpinnu. Àwọn kan yóò wí pé, “Akọ̀wé, ta ni ó fipá mú ẹnikẹ́ni rajà?” Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí ìtàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọjà wọ́n, àwọn ilé ìtajà ńláńlá ti àwọn òyìnbó a máa wí fún àwọn oníṣòwò wa pé bí wọ́n bá fẹ́ ọjà tí ó wọ́n, àfi kí wọ́n ra èyí tí ó ti kú sílẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n P. T. Bauer kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1954. Nínú ìwé náà bákan náà ni ó ti ṣàlàyé bí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ti ń já ọjà sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó sì dá wọn láre, nítorí pé ẹni tí kò ní owó páálí kan yóò lè ra ẹyọ kan. Òótọ́ ni. Àwa pẹ̀lú kò bá ìyá ọlọ́jà jà. Ó san owó ọkọ̀, ó san owó ìsọ̀, òjò sì ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, kí ó jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Bí àpò ìrẹsì oníkílò 50 bá jẹ́ ₦80,000, ₦1,600 ni kílò kan. Bí ẹni tí ń rà á díẹ̀díẹ̀ bá ń san ₦2,000 lórí kílò kan, nígbà tí yóò bá fi jẹ àpò kan tán, ₦100,000 ni yóò ti san. ₦20,000 ti lọ, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ àjẹjù, bí kò ṣe nítorí pé òtòṣì ni. Òṣì ni ó pinnu fún un. Kò sí ẹni tí ó fipá mú un, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí ó lè mú.

Àtẹ̀gùn karùn-ún ni ohun tí ń tẹ̀lé rírà. A dé ilé, a rí òkúta nínú ìrẹsì, a rí i pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Kí ni à ń ṣe? A ó bú ọlọ́jà, a ó bú ìjọba, a ó sì padà sí ìsọ̀ kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Òfin wà, èyí tí í ṣe òfin ààbò fún oníbàárà ti ọdún 2018, tí ó fún olùrajà ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye owó ọjà, láti gba ìwé ẹ̀rí rírà, àti láti dá ọjà tí kò dára padà. Mélòó nínú wa ni ó ti béèrè ẹ̀tọ́ yìí rí? Ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá béèrè, oníjà ni a ó pè é. Ogójì ènìyàn tí ó bá béèrè, oníbàárà ni a ó pè wọ́n.

Ohun tí Ojike ṣe, àti ohun tí ó kù

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí. Ní ọdún 1946 ni Mbonu Ojike ti Amẹ́ríkà dé, ó sì ń kọ̀wé nínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí a ń tẹ̀ ní Yaba níhìn-ín, ní òpópónà Commercial Avenue. Kí ni ó wí? Ó ní kí a kọ gbogbo ohun tí ó ṣeé kọ̀ sílẹ̀. Agbádá ni kí a wọ̀ dípò kóòtù; ẹmu ni kí a mu dípò ọtí òyìnbó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú kò rí: pé ẹni tí ó bá ń pàṣẹ fún àìní rẹ ni ọ̀gá rẹ, ì báà jẹ́ pé àsíá tìrẹ ni ó ń fẹ́ lókè.

Ojike kú ní ọdún 1956, kò rí òmìnira. A kò sì gbọdọ̀ parọ́ fún ara wa: kíkọ̀ nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ wa, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. A ní kí a má jẹ ìrẹsì òkèèrè mọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó la ọ̀nà láti oko dé Mushin? Ta ni ó ra ẹ̀rọ tí ń ṣa òkúta fún àgbẹ̀? Ẹni tí a gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò fi òmíràn sí i lọ́wọ́, yóò jí àwo ni.

Ohun tí ó kù ni ìparapọ̀. Ní ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ tí owó iṣẹ́ wọn kò tó jẹun, kó owó wọn jọ, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ kékeré kan. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà fún ara wọn, láìpa á láró, láìdín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Èrè tí ó bá sì jáde, wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti rajà tó. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti tàn ká ayé. Òfin rẹ̀ dé ilẹ̀ wa ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Alájẹṣẹ́kù ni à ń pè é, orúkọ náà sì dùn. Àwọn àgbẹ̀ parapọ̀ láti tà. Àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó náà mọ ìparapọ̀: nígbà ogun, tí ìjọba amúnisìn fẹ́ fi ipá dá iye owó lé gàrí wọn lórí lábẹ́ Ọ̀gágun Pullen, Alimọ́tù Pẹlẹ́wùrà kó wọn jọ, wọ́n sì kọ̀. Bí àwọn tí ń tà bá mọ ìparapọ̀, kí ni ó dé tí àwa tí ń rà kò mọ̀ ọ́n?

Ohun tí a ó ṣe

Èkíní, kí ìpinnu máa ti ilé wá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí ilé nílò sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, kí ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ṣì nílò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí ó rà á. Kò sí ìdí tí orúkọ àdúgbò wa fi ń jẹ́ Sùúrùlérè bí a kò bá lè mú sùúrù nídìí ọjà.

Èkejì, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní òpópónà kọ̀ọ̀kan kó ogún ìdílé jọ. Kí wọ́n dá owó ní ìparí oṣù, kí wọ́n ra ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà ní àpò, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n gidi pín in, kì í ṣe agolo. ₦20,000 tí a wí lókè yìí, inú ilé wọn ni yóò wà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn wàyí. Ogún ìdílé ní Mushin fẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fẹ́ ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó òkúta mọ́ ìrẹsì, tí ẹ to tòmátò dáadáa sójú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì kó jíjẹrà sísàlẹ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ ń lé oníbàárà yín lọ sọ́dọ̀ agolo. Ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni kì í mú kí eyín má fọ́. Ẹ fọ ọjà yín mọ́, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n yín pé, kí a sì wo ẹni tí yóò gba ọjà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ tí ó kù yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀gá wa nínú. Ní ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ wa, ìrẹsì ta ni à ń jẹ? Aṣọ tí a tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára, ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti tẹ̀ ẹ́. Bí ìdìbò bá sì dé, àpò ìrẹsì ni à ń kó kiri bí ẹni pé ikùn ni ó ni orúkọ nínú ìwé ìdìbò. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń wí pé kí ará Mushin ra ti ilẹ̀ wa, tí òun fúnra rẹ̀ ń ra ti ẹlòmíràn, ẹ̀gbin ni ó ń dà sójú ara rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ jẹ́ ti ìrẹsì oko wa, kí aṣọ rẹ̀ sì jẹ́ àdìrẹ tàbí òfì tí ọwọ́ ọmọ wa ṣe. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ènìyàn, kí a wọ fìlà nìkan. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Ẹ̀yin ará, ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ ó tún gbé àpò lé èjìká lọ sí Ojúwòyè tàbí Tejúoṣó. Kí ẹ tó kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ bi ara yín pé: ta ní ń rán mi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ikùn àwọn ọmọ yín àti ìwé tí ẹ kọ nílé, ẹ máa lọ, kí ọjà tà, kí owó sì gbé inú ilé. Bí ó bá jẹ́ ojú aládùúgbò àti pátákó Ojúẹlẹ́gba ni ó rán yín, ẹ padà. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn rán wa ti pọ̀ tó.